Hóró Oògùn Mẹ́ta

Ìgbà kẹta nìyí tí Nọ́ọ̀sì Fèyíkẹ́ fa téèpù lé ikùn Dúródọlá. Ó wo nọ́ńbà tó wà lórí téèpù, ó wo káàdì, ó tún fà á.

"Ara-Irin, ṣé aṣọ ni wọ́n ń rán fún ọ níbẹ̀ ni?" Rẹ̀míláyọ̀ pariwo láti orí bẹ́ǹṣì níta. Àwọn aboyún yòókù rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Oṣù yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ilé ìwòsàn náà, kò sì mọ ẹnikẹ́ni. Ó fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú Dúródọlá sílẹ̀, ó pòṣé.

"Ojú rẹ funfun bí ògì. Mú ọwọ́ wá."

Ó gún un níka, ó kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Wọ́n dúró. Ọkọ̀ ń kù lọ lórí títì márosẹ̀. Ìlà kan yọ lórí ike náà. Nígbà tó yá, èkejì yọ.

"Ibà wà lára rẹ."

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, kì í ṣe èmi. Ara mi ò gbóná. Àná gan-an, mo ku iyanrìn típà kan tán."

Kì í ṣe pé ó ń fọ́nnu. Etí àbàtà ni wọ́n bí i sí, ní abúlé kan lẹ́yìn Ìkirè. Ibà pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan, ó pa àbúrò rẹ̀ kan, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun náà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Láti ìgbà náà, bí ẹ̀fọn jẹ ẹ́ títí, kì í ju kí orí fọ́ ọ díẹ̀ lọ. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Thomas Estate, àwọn ọkùnrin a máa gbọ̀n lẹ́bàá bulọ́ọ̀kù, òun a sì ru kọnkéré rẹ̀ kọjá lójú wọn. Wọ́n kúkú ń pè é ní Ara-Irin.

"Mi ò ní o parọ́," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ ti ń bá ibà jà láti kékeré. Wọ́n mọ gbogbo aṣọ tó ń wọ̀. Ṣùgbọ́n ibi ọmọ, èyí tí ọmọ fi ń jẹun nínú, yàrá tuntun ni. Kò sí nínú rẹ tẹ́lẹ̀. Ibà ti sá wọ ibẹ̀, ó sì ti wọ aṣọ tí wọn ò rí rí. Wọ́n ń kọjá lára rẹ̀, wọn ò mú un. Òun náà wá jókòó sójú ọ̀nà oúnjẹ ọmọ. Ọmọ yìí kéré sí oṣù rẹ̀."

Dúródọlá fi ọwọ́ bo ikùn.

"Oyún àkọ́kọ́ ló máa ń burú jù. Tó bá di èkejì, ẹ̀jẹ̀ á ti dá aṣọ yẹn mọ̀ díẹ̀. Ìdí tá a ṣe ń fún yín lóògùn funfun nìyẹn." Ó gbé káàdì sókè. "Wọ́n kọ ọ́ síbí pé o ti lò ó lẹ́ẹ̀mejì, hóró mẹ́ta, mẹ́ta."

"Mo tu ú dànù, mà."

"Ta ló ní kí o tu ú?"

Dúródọlá yíjú sí bẹ́ǹṣì ìta. Rẹ̀míláyọ̀ ló wá iṣẹ́ fún un. Rẹ̀míláyọ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ká òṣùká tí páànù ò fi ní dun orí, òun ló sì máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú tí wọ́n bá fẹ́ sọdá títì. Òun náà ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ti oògùn sẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀yìn táǹkì omi ni wọ́n jọ ń tu ú sí. "Oògùn yẹn máa ń mú ọmọ rọ," ló wí nígbà náà. "Mi ò lò ó fún Olúdélé mi, ó sì ti ń sá kiri lọ́dọ̀ màmá mi."

Nọ́ọ̀sì ka hóró mẹ́rin pupa rúsúrúsú síwájú rẹ̀. "Ọ̀tọ̀ nìyí. Ọjọ́ mẹ́ta lo máa fi lò ó. Jẹ ẹ̀pà ọwọ́ rẹ díẹ̀ ná, kí oògùn lè ṣiṣẹ́. Mò ń bọ̀." Ó fa aṣọ ìkélé sáàárín, ó pe ẹni tó kàn sí òdìkejì.

Rẹ̀míláyọ̀ ló kàn.

"Oyún mélòó?"

"Méjì, mà."

"Ọmọ mélòó ló wà láyé?"

Dúródọlá ń jẹ ẹ̀pà rẹ̀. Ọ̀kan, ló wí lọ́kàn.

"Kò sí, mà."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó kéré nígbà tí mo bí i. Kò ju ẹyẹlé lọ. Ọjọ́ kejì ló kú."

"O lo oògùn ibà nígbà yẹn?"

"Rárá, mà. Ṣùgbọ́n mo lo tọ̀tẹ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo gbé e mì. Ọlọ́run gbọ́."

Ẹ̀pà di iyanrìn lẹ́nu Dúródọlá. Kí ni Rẹ̀míláyọ̀ wá ń tu lẹ́yìn táǹkì? Itọ́ lásán. Ó tiẹ̀ máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì gbé omi dé, Dúródọlá gbé hóró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mì. Kò dúró kí wọ́n sọ fún un kó tó la ẹnu. Ó gbé ahọ́n sókè, ó fi ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ sọ́tùn-ún, ó fà á sósì.

Abẹ́ igi fúrúùtù níta ni Rẹ̀míláyọ̀ ti ń dúró dè é.

"Àǹtí Rẹ̀mí, ta ni Olúdélé?"

Ẹ̀rín ojú Rẹ̀míláyọ̀ kú. "Orúkọ tí à bá sọ ọ́ ni."

"Kí ni mo fi ṣe yín?"

"O ò fi nǹkan kan ṣe mí." Ó ń họ èékánná ọwọ́ rẹ̀. "Ìyá ọkọ mi ní àwọn ayé ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Àfi ìgbà tí mo dé ibí, tí wọ́n ní oògùn yẹn ì bá ti gbà á là. Mo wá ní, bí tìrẹ bá yè láìlò ó, á jẹ́ pé kì í ṣe èmi ni mo pa tèmi."

"Tí ò bá wá yè ńkọ́?"

Rẹ̀míláyọ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

Wọ́n rìn dé etí títì. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà: Dúródọlá ti gbọ́ ọ títí tó ti sú u. Láti ìgbà tí Nọ́ọ̀sì ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ni inú ti ń bí i sí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, tó jẹ́ kí olè máa gbé inú ilé. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ò mọ aṣọ yẹn. Kò rí i rí.

Ọmọ ta á nípàá nínú, fẹ́ẹ́rẹ́.

Tírélà mẹ́ta tó ń kó ẹrù lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ Free Zone kọjá tẹ̀lé ara wọn. Títì dá. Rẹ̀míláyọ̀ na ọwọ́ sí i, bó ṣe máa ń nà án lójoojúmọ́.

Dúródọlá wo ọwọ́ náà dáadáa, bí ẹni tó fẹ́ dá a mọ̀ nígbà mìíràn. Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì gbá ikùn mú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì dá sọdá.