Bísíríyù Tí Kò Lọ Sódò

"Dádì, ẹ má bá mi bẹ tíṣà. Mi ò kùnà."

Gbogbo òbí àti ọmọ tó wá gba èsì ìdánwò ní ilé-ìwé kékeré náà ní Lasunwon ló yíjú sí Jọláolúwa. Máàkì kan péré ló já ọmọ náà kúrò lára àwọn tí yóò lọ sí ìdíje ìṣirò ti ìpínlẹ̀. Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adéòjó, ti gba kámú, ṣùgbọ́n ọmọ kọ̀ jálẹ̀.

Hasanat, tíṣà rẹ̀, ló gbé ìbéèrè tó gba máàkì náà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀: ní abúlé kan, apẹja tó bá jẹ́ Mùsùlùmí kì í lọ sódò lọ́jọ́ Jímọ̀. Bísíríyù jẹ́ apẹja níbẹ̀, kò sì lọ sódò lọ́jọ́ Jímọ̀. Ṣé Mùsùlùmí ni? Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Hasanat, bàbá rẹ̀ kì í tú okùn ọkọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Lójú tirẹ̀, kò sí àròjinlẹ̀ kankan níbẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ Jọláolúwa kọ ọ́ pé kò ṣeé mọ̀, Hasanat sì fún un ní òdo.

Bàbá ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní orúkọ ní í ro ọmọ, ta ni yóò gbọ́ Bísíríyù tí kò ní mọ ibi tó ti ń kírun?

"Ìbéèrè ò ní kí n wo orúkọ, sà," ni ọmọ náà wí. "Wọ́n ní Mùsùlùmí kì í lọ. Wọn ò sọ pé àwọn tó kù ń lọ. Ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ rẹ̀ ló ń jò."

Hasanat fẹ́ fèsì, ni ó bá rántí àbúrò ìyá rẹ̀ ní Agbowa, Tàófíìkì apẹja, tó ń darí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òun náà kì í lọ sódò lọ́jọ́ Jímọ̀. Ta ni yóò bá a fa àwọ̀n nígbà tí gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní mọ́sálásí?

Ojú tì í gan-an. Ṣùgbọ́n ìwúrí ló lé ìtìjú náà lọ. Ta ló ń kọ́ wọn lójoojúmọ́ pé kí wọ́n má fi ohun tí ìbéèrè ò sọ kún un, bí kò ṣe òun?

Ó fa bírò pupa jáde, ó pa òdo náà rẹ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Adéòjó, èmi ni mo kùnà. Ọmọ yín ń lọ sí ìdíje."

Ó na ṣọ́ọ̀kì sí Jọláolúwa pé kó wá ṣàlàyé fún gbogbo kíláàsì, òun fúnra rẹ̀ sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ọmọ.

Ọ̀gbẹ́ni Adéòjó nu ojú rẹ̀, ó sì rọra sún mọ́ bẹ́ǹṣì náà.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àyè ṣì kù níbẹ̀?"