Abẹ́rẹ́ Tí Kò Dun Télọ̀

“Olówó orí mi, ẹ dá ẹsẹ̀ dúró! Ẹ̀jẹ̀ rèé!”

Télọ̀ kò gbọ́. Ó ń tẹ máṣíìnì lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀, aṣọ ìgbéyàwó funfun tí oníbàárà fẹ́ wá gbà lọ́sàn-án ọjọ́ náà wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Oge, ju bọ́tìnì tó ń gán sílẹ̀, ó sì fọwọ́ di kẹ̀kẹ́ máṣíìnì náà mú.

“Ẹ̀jẹ̀ ta ni?” ọkọ rẹ̀ bi í, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀jẹ̀ yín ni! Ẹ wo ọwọ́ yín.”

Télọ̀ wò ó. Háà! Ó ti rán àtàǹpàkò ara rẹ̀ mọ́ etí aṣọ. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bí abẹ́rẹ́ ọwọ́ bá kàn án lásán, igbe rẹ̀ á dé ìta, ó wá jókòó ń wo ìka tirẹ̀ bí ẹni ń wo ọwọ́ àlejò.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí Ìyá Oge. Ẹ̀yìn ló ń dun Télọ̀ nígbà kan, dókítà sì fún un ní oògùn apàrora. Ẹ̀yìn san, àmọ́ Télọ̀ kò fi oògùn sílẹ̀. Ó ń rà á lábẹ́lẹ̀, ẹyọ kan di ẹ̀kúnwọ́. Ìyá Oge rí i, ó sì ń tan ara rẹ̀ pé á fi í sílẹ̀ tó bá yá. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ débi pé kò fẹ́ bá a fa ọ̀rọ̀, ibẹ̀ ló ti ṣì í.

Ó rọra yí kẹ̀kẹ́ náà títí abẹ́rẹ́ fi gòkè, ó gé òwú, ó sì fi aṣọ tó mọ́ di ọgbẹ́ náà.

“Kò tiẹ̀ dùn mí,” Télọ̀ ń yangàn.

“Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn!” Ìyá Oge bú sẹ́kún. “Lọ́jọ́ tí ọkàn yín bá fẹ́ dáwọ́ iṣẹ́ dúró, kí ló máa sọ fún yín, nígbà tí ẹ ò mọ ìrora mọ́? Ọkọ mi tó máa ń pariwo bí ọmọ ìkókó ni mo fẹ́. Ẹ dá a padà fún mi, ẹ jọ̀ọ́.”

Ẹ̀rín kúrò lójú Télọ̀.

“Mo ti gbìyànjú láti fi í sílẹ̀ rí,” ó wí jẹ́jẹ́. “Nígbà tó o lọ kí màmá ẹ. Ara mi ń gbọ̀n, òógùn bò mí, mo rò pé mo fẹ́ kú ni. Ojú tì mí láti sọ fún ẹ.”

“Ta ló ní kẹ́ ẹ dá a ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ ò lè dá wá ìbọ̀sẹ̀ yín rí nínú yàrá! Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe díẹ̀díẹ̀ wà nílé ìwòsàn. Ẹ dìde, ká lọ.”

“Aṣọ oníaṣọ ńkọ́?”

“Ẹ fìyẹn sílẹ̀ fún mi.” Ìyá Oge gbé fóònù, ó pe oníbàárà náà. Ó ti ní i lọ́kàn láti sọ pé iná ni ò sí, tàbí pé máṣíìnì ló kọṣẹ́, bí òun àti ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń sọ fáwọn oníbàárà. Ṣùgbọ́n Télọ̀ na ọwọ́ tó dá ṣáṣá, ó gba fóònù náà.

“Ọmọ mi, aṣọ rẹ kò tíì parí, mo sì ti bà á jẹ́ díẹ̀. Máà bínú. Iná wà, máṣíìnì ò ṣe nǹkan kan. Oògùn ló ti di bárakú fún mi. Ìyàwó mi ń mú mi lọ sílé ìwòsàn báyìí.”

Láti ọjọ́ tí Télọ̀ ti ń ránṣọ, oníbàárà kankan ò tíì gbọ́ irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.