Hóró Ìkẹyìn Igi Ẹnu Ọ̀nà

Ìyá Ìkòkò ni gbogbo òṣìṣẹ́ ọgbà ewéko náà ń pè é. Àwọn ìkòkò irúgbìn tó tò lọ rẹrẹ lẹ́yìn ilé onígíláàsì, òun ló ń bomi rin wọ́n, òun ló ń bá wọn sọ̀rọ̀, òun náà ló sì ń bú wọn bí wọ́n bá kọ̀ tí wọn ò hù. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló jogún. Ogójì ọdún ni bàbá fi ṣe olórí ibẹ̀ kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú un ní apá ọ̀tún, tó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ku díẹ̀.

Òfin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bàbá fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Ìkòkò tó bá ti pé ọdún méjì tí kò hù, kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n sẹ́ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n fi gbin nǹkan mìíràn. Ó máa ń sọ pé ìkòkò kì í ṣe ibojì, àti pé ẹni tó bá ń ṣàánú ìkòkò òfìfo kò tíì mọṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ yé, ó gbọ́ ọ yé jù pàápàá.

Igi ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà ọgbà nígbà kan, tí bàbá gbìn lọ́dún tó wọṣẹ́. Kò sí irú rẹ̀ mọ́ nínú gbogbo ọgbà náà. Wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn ọgbà mìíràn títí, kò sẹ́ni tó ní in. Ìjì kan jà lọ́jọ́ kan, ó fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Àwọn ẹyẹ ti jẹ gbogbo èso rẹ̀ tán. Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá fi ń rá pálá kiri lábẹ́ àwọn ẹ̀ka tó wó, àgbàlagbà bíi tirẹ̀, kó tó rí hóró kan ṣoṣo tí ọ̀kẹ́rẹ́ gé jẹ díẹ̀ tó sì pa tì. Ó gbìn ín sínú ìkòkò kan láàárín àwọn yòókù. Ó fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ sára páànù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kì bọ iyẹ̀pẹ̀, torí oòrùn kì í jẹ́ kí bíírò pẹ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àìsàn gbé e ṣubú.

Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni ìyàwó àbúrò Ìyá Ìkòkò máa ń fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn ti bàbá wá. Ìbéèrè kan náà ló máa ń bi ọmọ rẹ̀, pé ṣé ó ti yọ. Ọmọ á ní kò tíì yọ. Bàbá á mi orí, wọ́n á sì jọ jókòó máa wo àwọn àdàbà tó ń wẹ̀ nínú agbada omi, títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Dókítà ti sọ fún wọn pé ọkàn bàbá ti rẹ̀ gidigidi. Hóró yẹn nìkan ló kù tó ń mú un wọ bàtà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá ọgbà ránṣẹ́ pé ọ̀ọ́dúnrún èhù ń bọ̀ lọ́sàn-án, kí wọ́n wá ìkòkò sílẹ̀. Ìyá Ìkòkò gbé asẹ́ kalẹ̀, ó jókòó tì í. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yẹn kì í ka páànù tán, ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i nìkan ni ojú rẹ̀ ń wá. Bó bá ti ju ọdún méjì lọ, ó di dídànù. Ọwọ́ rẹ̀ ń yára, ó tiẹ̀ ń kọrin lábẹ́ ètè. Ó ti tó ọgọ́ta ìkòkò kó tó rí ohun kan tó há sójú asẹ́. Hóró ni. Ó ti là sí méjì, gbòǹgbò funfun kan tó gùn tó ìka ti yọ nínú rẹ̀, wáyà asẹ́ sì ti gé e láàárín. Ó wá mú páànù tó jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá rẹ̀ ni. Ọdún méjì ó lé ọjọ́ mọ́kànlá.

Ó gbìyànjú. Ó fi èédú lílọ̀ pa ojú ọgbẹ́ náà, ó wá iyẹ̀pẹ̀ tó rọ̀ jù lọ, ó fi gíláàsì bò ó mọ́lẹ̀ níbòji. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ó wú u wò. Ó ti rà, ó ń rùn.

Aláriwo nìkan ló rí i níbi tó ti ń sunkún. Ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ gé koríko ni. Ariwo ẹ̀rọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, òun fúnra rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ tó mẹ́wàá lóòjọ́. Ó gbà á nímọ̀ràn pé kó di ẹ̀bi náà ru ọ̀kẹ́rẹ́, pé ọ̀kẹ́rẹ́ ò ní wá rojọ́. Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa á nínú ẹkún.

Kò dì í ru ọ̀kẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò sọ òótọ́ náà. Ó da iyẹ̀pẹ̀ lásán sínú ìkòkò, ó ki páànù bọ̀ ọ́ padà. Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin ló fi ń sọ pé kò tíì yọ, ọ̀rọ̀ náà sì ń korò lẹ́nu rẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tirẹ̀ ò tiẹ̀ lọ tó oṣù méjì.

Ní Ọjọ́bọ̀ karùn-ún, bàbá ò bèèrè nǹkan kan. Ó tẹjú mọ́ páànù, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń ṣírò.

"Ó ti kọjá ọdún méjì," ó ní. "Dà á nù."

Ọmọ bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n ṣì ní sùúrù. Bàbá fi ọwọ́ òsì na asẹ́ sí i. Ìdajì ojú rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín.

"O ń ṣàánú mi. Má ṣàánú mi. Òfin ni."

Ìgbà yẹn ni Ìyá Ìkòkò gba asẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀. Ó lè sọ pé hóró náà ti rà tipẹ́, pé kò tiẹ̀ fìgbà kan jí. Ta ni yóò já a ní irọ́? Ṣùgbọ́n bàbá á kú pẹ̀lú èrò pé òkú hóró lòun gbìn.

"Bàbá, mo ti dà á nù. Ó ti lé lóṣù kan. Ó ti ta gbòǹgbò. Mi ò wo ọwọ́ ìkọ̀wé yín, ọjọ́ nìkan ni mo wò. Asẹ́ ló gé e."

Bàbá gbé ọwọ́ òsì lé e lórí.

"Èmi ni mo kọ́ ẹ," ó ní.

Omi ń dà lójú rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún kò lè mọ̀ ọ́n lára, ọmọ ló nù ún fún un.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ìkòkò gbá ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́, ó pọn omi tuntun sínú agbada fún àwọn àdàbà. Fóònù rẹ̀ dún. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ni.

"Àǹtí, ẹ má retí wa o. Bàbá ti wọṣọ tán, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí n bọ bàtà sí wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní kí làwọn tún fẹ́ wá wò níbẹ̀."

Ó fẹ́ sọ pé, "Èmi wà níbẹ̀." Ó wo àwọn àdàbà tó ti ń bà sétí agbada.

"Ó dáa," ó ní. "Bá mi kí wọn."