Aago Ojú Fèrèsé

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Ẹ̀gà wá sílé Ìyá Télọ̀ pẹ̀lú apá dídè, ọmọ náà kò tíì sọ ju gbólóhùn kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ ọmọ àbúrò rẹ̀ yìí ní Ẹ̀gà nígbà tó ṣì kéré, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ní báyìí, abẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ ló máa ń jókòó sí, á máa ṣa àgékù aṣọ jọ, pupa sí ọ̀dọ̀ pupa, funfun sí ọ̀dọ̀ funfun, bí ẹni tí wọ́n kìlọ̀ fún pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun wà nínú yàrá.

Àlàyé ti wà nílẹ̀ fún apá tó kán. Bàbá rẹ̀, Káfíńtà, àbúrò tí Ìyá Télọ̀ pọ̀n dàgbà, ní àìsàn ló fà á. Ó ní láti ìgbà tí ìyàwó òun ti kú ni nǹkan kan ti máa ń dé sí òun lórí. Ojú òun á ṣú, ìgbà tí ojú náà bá sì là, nǹkan á ti bàjẹ́. Dókítà ti fún un lóògùn tí yóò máa lò. Pásítọ̀ ìjọ wọn ní tirẹ̀ sọ pé ẹ̀mí burúkú ni. Wọ́n ti gbààwẹ̀, wọ́n ti gbàdúrà, ẹ̀mí náà sì ti bá tirẹ̀ lọ. Bí kì í bá ṣe àìsàn, a jẹ́ pé ẹ̀mí ni. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó kan Káfíńtà. Nítorí náà, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi yìí, òun àti Pásítọ̀ ń bọ̀ wá mú Ẹ̀gà padà sílé.

Ìyá Télọ̀ kò sọ pé irọ́ ni àìsàn náà. Ojú rẹ̀ ló ṣe lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ̀ ṣubú lẹ́bàá ibojì ìyàwó rẹ̀, tó ń gbọ̀n, tí kò mọ ẹni tó di òun mú, tí gíláàsì aago bàbá wọn fọ́ mọ́ òkúta ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìfura loògùn àgbà, ó sì ti ń lo oògùn náà láti ìgbà tí ọmọ ti dé. Bó bá ń tẹ maṣíìnì, á máa rò ó. Irú àìsàn wo ni kì í yọjú ní ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ayùn àti òòlù wà nílẹ̀ káàkiri? Káfíńtà kò fọwọ́ kan ọmọṣẹ́ kankan rí. Onílé wọn tó máa ń bú u ní gbangba, tó sì síngbọnlẹ̀ bí ògiri, Káfíńtà kò nà án rí. Àìsàn tó bá ti mọ ẹni tó lè nà án padà, àìsàn náà gbọ́n ju ẹni tó ń ṣe lọ.

Ìyá Télọ̀ ti gbìyànjú láti bi ọmọ náà léèrè. Ó bi í bóyá bàbá rẹ̀ máa ń ṣubú kó tó nà án. Ọmọ náà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ní òun kò mọ̀. Nígbà tó gba ọ̀nà mìíràn béèrè, ọmọ náà ní ṣé òun lè mú bọ́tìnì kan nínú agolo. Ó fún un ní méjì, ó sì padà sídìí maṣíìnì.

Pásítọ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, ọkùnrin sísanra kan tó ní ẹ̀rín jẹ́jẹ́, Bíbélì lábẹ́ apá. Káfíńtà tẹ̀lé e. Ó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀, aago bàbá wọn ń dán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹríba kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì na bàtà tuntun kan sí ọmọ. Ẹ̀gà kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó gba bàtà, ó lọ dúró ti maṣíìnì.

Pásítọ̀ sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní kò yẹ kí ọmọ máa bẹ̀rù ẹni tó bí i. Ó ní Ọlọ́run kò ní kí a ka ẹ̀ṣẹ̀ sí aláìsàn lọ́rùn. Ìyá Télọ̀ béèrè ẹni tí yóò wà nílé bí nǹkan náà bá tún dé. Pásítọ̀ ní kò ní dé mọ́, àwọn ti lé e lọ. Ìyá Télọ̀ ní ṣé ó sọ ibi tó ń lọ fún wọn. Káfíńtà pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ìyá Télọ̀ mọ̀ pé òun kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju ìfura lọ, ta ni yóò sì fi ìfura gba ọmọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀? Ó dìde láti lọ di ẹrù ọmọ. Bó ṣe ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ni ilẹ̀kùn rẹ̀ yẹ̀, tó ń fì lórí ìṣó kan ṣoṣo.

"Ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ni Káfíńtà wí. "Ṣé káfíńtà á wà nílé kí ilẹ̀kùn máa fì bí aṣọ? Òòlù yín dà?"

Ó hàn pé inú rẹ̀ dùn pé òun rí nǹkan ṣe. Ó ṣe ohun tí bàbá wọn kọ́ ọ láti kékeré, ohun tó máa ń ṣe kó tó gbá ìṣó kankan, nítorí aago náà ti gbó, kò fẹ́ kí wọ́n máa gbọ̀n ọ́n. Ó bọ́ ọ kúrò lọ́wọ́, ó nù ún mọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó rọra gbé e sí ojú fèrèsé.

Ẹ̀gà rí i. Ó gbé bàtà tuntun náà sílẹ̀. Kò sunkún, kò sáré. Ó rìn lọ síbi fèrèsé, ó tì í, ó fa kọ́tìnì bò ó. Ó lọ síbi rédíò tí orin ìjọ ti ń dún jẹ́jẹ́, ó yí i sókè títí ohùn fi kún gbogbo yàrá. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ògiri, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná kò fẹ́ gòkè dáadáa. Ó wá dúró bẹ́ẹ̀.

Òòlù ń bẹ lọ́wọ́ Káfíńtà bí ohun olóhun. Ìyá Télọ̀ lọ pa rédíò, ó gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọ náà. Èjìká náà le bí pákó.

"Ta ló ní kí o máa ṣe báyìí, ọmọ mi?"

"Bí bàbá mi bá ti bọ́ aago," ọmọ náà sọ fún ògiri, "èmi ni mo máa ń ti fèrèsé."

Pásítọ̀ tún ọ̀fun ṣe. Ó ní ẹ̀mí burúkú gbọ́n o, kò sí irú ọgbọ́n tí...

Ìyá Télọ̀ kò wò ó. "Àbúrò mi, mo mọ̀ pé ara rẹ ò yá. Oògùn tí wọ́n fún ẹ, máa lò ó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó ṣe ẹ́ lóòótọ́, lẹ́bàá ibojì, ọwọ́ rẹ ni aago yìí wà tó fi fọ́. Èmi ni mo gbé e lọ tún ṣe. Lọ́jọ́ tí apá ọmọ yìí kán, ta ló bọ́ aago?"

Káfíńtà wo Pásítọ̀, Pásítọ̀ ń wo bàtà ọmọdé tó wà nílẹ̀.

"Mi ò fẹ́ kó fọ́ ni," ni Káfíńtà wí níkẹyìn. "Bàbá ló fún mi."

"Ọmọ yìí ńkọ́?"

Káfíńtà gbé òòlù sílẹ̀.

Ìyá Télọ̀ ní Ẹ̀gà kò lọ síbì kankan. Ó ní lówùúrọ̀ ọ̀la, òun àti àbúrò òun yóò jọ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọdé, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò sì fi sọ ohun tó ṣe. Kó má fi àìsàn ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kó má fi ẹ̀mí parí rẹ̀. Bí kò bá wá, òun á dá lọ. Pásítọ̀ ní ṣé kò ní dára kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ ẹbí nínú ẹbí. Ìyá Télọ̀ ní inú ẹbí náà kúkú ni apá ti kán. Kí Pásítọ̀ jọ̀wọ́ bá wọn lọ, kó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lónìí. Pásítọ̀ mi orí pé òun gbọ́.

Káfíńtà na ọwọ́ sábẹ́ kọ́tìnì láti mú aago. Bí okùn aago náà ti gbá gíláàsì fèrèsé, ẹ̀yìn ọmọ náà gbọ̀n. Káfíńtà rí i. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó sì bá Pásítọ̀ jáde lọ́wọ́ òfo.

Ìyá Télọ̀ mú aago náà, ó rì í mọ́ ìsàlẹ̀ agolo bọ́tìnì, ó dé e. Ó ṣí fèrèsé gbayawu.

"Ṣé ó ti tán?" ni Ẹ̀gà béèrè, láìyíjú.

"Ó ti tán. Sọ ọwọ́ kalẹ̀, ọmọ mi, apá yẹn ò tíì jinná tán."

Ọmọ náà sọ ọwọ́ kan kalẹ̀. Ó wo ojú fèrèsé dáadáa ná, kó tó sọ ìkejì.