Ta Ló Fọwọ́ Kan Awọ Mi?

“Ta ló fọwọ́ kan awọ mi?”

Ìyàwó rẹ̀ kò gbójú sókè nídìí máṣíìnì. Ó ń rán etí báàgì aláwọ kan tí oníbàárà fẹ́ wá gbà kí ilẹ̀ tó ṣú. “Awọ wo? Awọ ara rẹ àbí awọ ojú rẹ?”

“Awọ ọ̀pá mi!”

Onígbàjámọ̀ ni ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n Ọwọ́-Mímọ́ ni wọ́n ń pè é ní ilé súnúkà, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kéékèèké lórí tábìlì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ yẹn, nítorí pé kì í fọwọ́ kan ọ̀pá súnúkà rẹ̀ láì kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pá ọ̀hún pín sí méjì, wọ́n á lọ́ orí mọ́ ìdí bí ẹni ń dé ìgò. Awọ dúdú ni wọ́n fi wé ìdí rẹ̀, níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú. Ìdíje ńlá ń bọ̀ lọ́la. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já àpò ọ̀pá náà wálẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ ni, ó sì tú u.

Awọ náà ń dán bí iwájú orí ẹni tó ń làágùn. Irun funfun kan lẹ̀ mọ́ ọn. Ó gbé e súnmọ́ imú: ìpara gbígbóná, irú èyí tí àwọn àgbà fi ń ra orúnkún, gbá a nímú. Ó sáré fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu. Ìyẹn gan-an ì bá ṣì ṣeé fara dà. Ó yí ọ̀pá padà, ó wo ihò irin tí wọ́n fi ń lọ́ ọ mọ́ orí. Ẹrẹ̀ dúdú ló dí ihò náà pa. Ẹrẹ̀ tútù. Èérún bébà ìnùdí kan rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

“Háà! Ọ̀bùn!” Ó ju ọ̀pá sórí àga, ó tún sáré gbé e kúrò kí àga má baà gbà lára rẹ̀. “Omi ilé ìyàgbẹ́! Omi ilé ìyàgbẹ́ ló wà lẹ́nu ọ̀pá mi!”

“Ìgbà wo ni ọ̀pá ń mu omi?”

“Má bá mi ṣàwàdà! Ẹnì kan ti fi ọ̀pá mi tilẹ̀ dé ilé ìyàgbẹ́!”

Máṣíìnì dákẹ́. Àwọn mẹ́ta péré ló ń gbé ilé náà: òun, ìyàwó rẹ̀, àti ìyá ìyàwó rẹ̀ tó wá gbé lọ́dọ̀ wọn nígbà tí orúnkún ń dà á láàmú. Tọkọtaya náà wo ilẹ̀kùn yàrá ìyá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo kọ̀rọ̀ pálọ̀, níbi tí ọ̀pá ìtilẹ̀ tí Ọwọ́-Mímọ́ rà fún un dúró sí. Ó ń dán yanran. Aláǹtakùn ti so okùn láti ọrùn rẹ̀ mọ́ ògiri.

“Kò sí ẹni tó ń tọ́jú awọ bí èmi,” ni ọkùnrin náà wí, ohùn rẹ̀ ti fẹ́ di ẹkún. “Ojoojúmọ́! Mo máa fọ ọwọ́. Mo máa nù ún. Mo máa kán òróró sí i, ẹ̀kán kan péré, mo máa fi àtàǹpàkò rà á títí á fi mu ún. Mo máa wá fi aṣọ funfun wé e.”

“Mo mọ̀. Látọjọ́ tí o ti gbé mi níyàwó, o ò fi ìpara ra ẹ̀yìn mi báyẹn rí.”

“Ní ilé súnúkà, ta ló jẹ́ dán an wò? Bí mo bá ti ń yọ ọ́ nínú àpò báyìí, ńṣe ni gbogbo wọn máa ń yà fún mi. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un! Ẹnikẹ́ni ò yá a lọ́wọ́ mi rí. Ṣé inú ilé èmi fúnra mi ni wọ́n wá ti máa...” Ó sáré yọrí lójú fèrèsé, ó tutọ́. “Tí ilẹ̀ bá mọ́, kí màmá ẹ máa lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ. Mi ò lè bá ẹ̀gbin gbélé.”

Ìyàwó rẹ̀ fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò pariwo rárá.

“Tí Màmá bá lọ, máṣíìnì yìí á tẹ̀lé wọn. Èmi náà á sì tẹ̀lé máṣíìnì.”

“Nítorí ọ̀pá?”

“Ìwọ lò ń lé èèyàn nítorí ọ̀pá.”

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Ìyá náà dúró níbẹ̀, kúkúrú bí ọmọ odó, ó fi ọwọ́ kan di férémù ilẹ̀kùn mú, ó fi ọwọ́ kejì gbé báàgì tó ti di ẹrù sí. Ọwọ́-Mímọ́ tó ń bú ramúramù ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí ojú tó ṣẹ́. Kò rántí gbé ọ̀pá sílẹ̀. Awọ náà wá bọ́ sábẹ́ imú rẹ̀ rẹ́gí.

“Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Màmá.”

“Dìde, ọkọ mi. Ilẹ̀kùn yín ò nípọn, gbogbo ẹ̀ ni mo gbọ́. Èmi ni mo mú un.”

“Rárá o, Màmá! Ẹnikẹ́ni ò sọ pé ẹ̀yin ni.”

“Orí ta ló tún funfun nínú ilé yìí?”

Ìyàwó fi imú rẹ́rìn-ín.

“Igi tí o rà fún mi dára lójú,” ni ìyá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Àmọ́ ó ń yọ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fi tilẹ̀ lọ sẹ́yìn, ó bọ́ lọ́wọ́ mi, mo sì fìdí jókòó sínú omi ilé ìyàgbẹ́. Ta ló máa sọ irú ẹ̀ fún ọkọ ọmọ ẹ̀? Tìrẹ ló ní awọ, kì í yọ̀ lọ́wọ́. Mo máa ń nù ún mọ́ kí n tó dá a padà, tòní ni n ò ráyè nù. Mo jẹ̀bi. Má bínú.”

Ọwọ́-Mímọ́ dìde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀ nù, ó na ọrùn bí adájọ́ tó fẹ́ ṣàánú ọ̀daràn. “Ó ti tán, Màmá. Mo ti dárí...”

“Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Kí ló kú sínú awọ yẹn?”

“Ẹ ní kí ni?”

“Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú un, mo rò pé eku ló kú sínú àpò. Mo gbọn àpò títí, n ò rí eku. Àṣé awọ ni! Mo fọ ọwọ́, òórùn ò lọ. Tòní wá ju agbára mi lọ, ìpara orúnkún mi ni mo fi pa á lórí kí n tó lè dì í mú láì bì.”

Ìyàwó ti dojú bolẹ̀ sórí máṣíìnì. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

“Ṣé ó ti ń rùn tẹ́lẹ̀ ni?” ọkọ rẹ̀ bi í.

“O ní kó máa sùn ní yàrá, mo ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ ló yẹ nǹkan iyì. Kí lo rò pé ó fà á?”

Ọwọ́-Mímọ́ gbé awọ náà sí imú, ó sì fà á símú gidi. Ìpara ló kọ́kọ́ pàdé, ó gba ara rẹ̀ kọjá bí ẹni gba ara kọ́tìnì kọjá. Lẹ́yìn ìpara ni ó ti bá òróró tirẹ̀: ti àná lórí ti ìjẹta, ti ìjẹta lórí ti èṣín, gbogbo rẹ̀ ti kan, ó ti pò pọ̀ mọ́ òógùn àtẹ́lẹwọ́. Ó rántí bí wọ́n ṣe máa ń yà fún un ní ilé súnúkà. Ó rántí àwọn oníbàárà tó máa ń yí ọrùn sápá kan bó bá ti fẹ́ gé irun imú wọn. Ó máa ń fọ ọwọ́ kó tó kan ọ̀pá. Lẹ́yìn tó bá kàn án tán, kò fọ̀ ọ́ rí.

“Ọwọ́ yìí,” ló ń wí, “ọwọ́ yìí ni mo fi ń dì wọ́n lágbọ̀n mú.”

Ó mú abẹ ìfárí, ó la awọ náà lójú rírán. Ó bó bí èépá egbò. Abẹ́ rẹ̀ ti bu, ó hu irun àwọ̀ ewé, igi ibẹ̀ sì ń yọ̀ bí ara ìgbín. Ìyá fa gèlè bo imú. Ìyàwó fò dìde láti ṣí fèrèsé kejì. Ọkùnrin náà ti bẹ́ síta, wọ́n sì ń gbọ́ bó ṣe ń bì lẹ́yìn ilé.

Nígbà tó wọlé, ó fi ọ̀rá bo ọwọ́ mú awọ náà, ó lọ jù ú nù. Ó fi aṣọ tútù nu igi, ó fi gbígbẹ nù ún. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé ọ̀já awọ pupa tuntun kan sórí tábìlì.

“Ohun tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ mi nìyẹn. Ọ̀pá kan ló lè wé. Mú un, ọ̀la ni ìdíje ẹ.”

Ó gbọ́ òórùn awọ náà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ bí kò ṣe awọ. Ó wá rìn lọ sí kọ̀rọ̀, ó ja okùn aláǹtakùn, ó gbé ọ̀pá tó ń dán wá síwájú ìyá.

“Màmá, ẹ bá mi di ibi tó bá yín lọ́wọ́ mu.”

Ó wé e, ìyàwó rẹ̀ rán an pa.

“Tìẹ wá ńkọ́?” obìnrin náà bi í.

“Ìhòòhò ni á wà. Kó lè máa fẹ́ atẹ́gùn.”

Ìyá fi ọ̀pá tuntun tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó tún padà wá. Kò yọ̀. “Báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú awọ ẹ̀?”

“Ẹ fi aṣọ tútù nù ún díẹ̀, ẹ tún fi gbígbẹ nù ún. Ẹ má fi òróró kàn án o, Màmá!”

“Èmi kẹ̀? Ta ló ń dín ọ̀pá?”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà láì rò ó tì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé báàgì ìyá padà sí yàrá, ṣùgbọ́n ìyá ti fi ìdí ọ̀pá dí i lọ́nà.

“Fọ ọwọ́ ná, ọkọ mi.”

Ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó mú ọṣẹ.