Kílò Méjì Tó Dín

"Kílò méjì ló dín." Muideen tún wo ojú òṣùwọ̀n náà dáadáa, ṣùgbọ́n iye tó wà níbẹ̀ kò yí padà.

Rafiat, ọmọ rẹ̀ obìnrin, jókòó lórí òṣùwọ̀n sínú kart rẹ̀, ọkọ̀ eré ìje kékeré. Ní ìsọ̀rí tó ti ń díje, awakọ̀ àti kart gbọ́dọ̀ wọn kílò márùndínlọ́gọ́jọ pọ̀. Bí eré bá parí, wọ́n á tún gbé wọn sórí òṣùwọ̀n. Ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá pé, ipò tó gbà di asán. Ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ lónìí ni yóò sì ṣojú ìpínlẹ̀ Alberta níbi ìdíje gbogbo Canada níparí ọdún.

Nítorí pé ọmọ náà fúyẹ́, Muideen fúnra rẹ̀ ló fi bóòtù de òjé mọ́ ìjókòó rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ó pé nígbà náà.

"Ta ló tú òjé mi?"

Dámiláre, tí òun àti Rafiat jọ ń díje, ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà rẹ̀ nítòsí. Ó rẹ́rìn-ín. "Alhaji, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan òjé yín o. Abeg, ẹ fún ọmọ yín lóúnjẹ. Aṣọ eré yẹn ti fẹ́ gbé e mì!"

Muideen wo ọmọ rẹ̀. Òótọ́ ni. Ó na ike omi sí i. "Mu."

"Daddy, mo gbààwẹ̀."

"Ààwẹ̀ wo? Ramadan ti lọ tipẹ́."

Rafiat ṣí helmet. "Ti Mummy ni. Ọjọ́ mọ́kànlá tí wọn ò lè gbà lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ara wọn ò yá. Wọ́n ní tó bá di ìgbà snow, tí ọ̀sán bá kúrú, àwọn á gbà á padà." Ó wo ilẹ̀. "Wọn ò dé ìgbà snow."

Ìyàwó Muideen ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó sì bá a rẹ́rìn-ín sí i. Láti August ọdún tó kọjá tí wọ́n ti sin ín, kò rántí ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ náà mọ́.

"Èéṣe tí o ò sọ fún mi?"

"You would say no. Ẹ máa ní kí n dúró kí eré parí."

"Mo máa wí bẹ́ẹ̀." Ó gbé ike omi náà sílẹ̀. "O lè sáré?"

"Mo lè sáré, sir."

Ó mú òjé kílò mẹ́ta jáde nínú àpótí irinṣẹ́.

"Méjì ló dín o, Alhaji," ni Dámiláre wí.

"Òógùn á gbà nínú ẹ̀."

"Á wúwo! Màá fi í sílẹ̀ sẹ́yìn nìyẹn."

"Máa fẹ́ táyà ẹ."

Rafiat ṣe ipò kẹta. Dámiláre ṣe ìkẹrin. Nígbà tí wọ́n gbé Rafiat sórí òṣùwọ̀n, ìwọ̀n rẹ̀ fi díẹ̀ ju iye tí òfin béèrè lọ. Dámiláre wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Òjé Alhaji ló tì ẹ́ lẹ́yìn," ó wí, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Nínú ọkọ̀, lójú ọ̀nà Sunridge tí wọ́n ń gbà lọ sílé, Muideen béèrè pé, "Ọjọ́ mélòó ló kù?"

"Mẹ́rin."

"Èmi ni màá gbà á."

"Daddy, aago mẹ́wàá alẹ́ ni oòrùn ń wọ̀ báyìí o."

"Mo mọ̀. Ìyàwó mi ni. Tó o bá gbọ́ ìró mi ní kitchen lásìkò sààrì, má dìde. Máa sùn."