Ìṣàn Kò Kúnlẹ̀

Nǹkan mẹ́ta ló bàjẹ́ nínú ẹ̀dà kẹsàn-án ìwé àwòrán Ẹgbẹ́ Aláàbò Ọ̀tìn. Èkíní, àwọn akọni mẹ́ta tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ti di méjì. Èkejì, ẹnì kẹta wọn, Ìṣàn, obìnrin Inisa tí omi ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń gbé omi mímu fún àwọn méjì yòókù, Apá-Irin àti Ẹsẹ̀-Ẹfúùfù. Ẹ̀kẹta, orúkọ Adédùntán, ẹni tó ti ń ya ìwé àwòrán náà láti ọdún 1990, kò sí lẹ́yìn ìwé mọ́.

Orí ìdúró ni Adédùntán ti kà wọ́n, ní ilé ìtẹ̀wé Alàgbà Ọládélé ní Ìkìrun. Ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lára yẹ̀rì rẹ̀. Láti kíláàsì tó ń kọ́ ní Inisa ló ti gun ọ̀kadà wá nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ láìfi hàn án.

"Ẹ káàsán, sà." Ó kúnlẹ̀, ó sì dìde. "Ta ló sọ pé ẹni méjì ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀?"

Alàgbà rẹ́rìn-ín. "Tísà, fara balẹ̀. Àwọn òbí ló fẹjọ́ sùn. Wọ́n ní àwọn ọmọbìnrin wọn ti ń ṣe bíi Ìṣàn nílé. Ọ̀gá iléèwé kan ní Òkukù ní gbogbo kíláàsì òun ni yóò máa kà á, bí obìnrin yẹn bá lè mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Àbí ìwọ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi ni?"

"Ẹ tó bí mi lọ́mọ, sà. Ta ni Apá-Irin bí? Ní ẹ̀dà kìíní, ta ló fa òun àti Ẹsẹ̀-Ẹfúùfù yọ nínú àgbàrá?"

Gbádébọ̀, ọmọ Òkukù tó ń fi ọ̀rọ̀ sí àwọn akọni náà lẹ́nu, ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ lọ. Òun àti Adédùntán ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ìwé náà nígbà tí wọ́n wà ní yunifásítì. Kò gbójú sókè.

"Dùntán, mo ní kí n wá sọ fún ọ."

"Nígbà wo? Nígbà tí wọ́n bá ti kà á tán ní Òkukù?" Ó yíjú sí Alàgbà. "Ta ló ya eléyìí, sà?"

"Ará Òṣogbo kan báyìí ni mo gbé e fún."

Adédùntán gbé ìwé náà lọ sí ojú fèrèsé. Yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ó wo òjìji tó wà lábẹ́ orúnkún Ìṣàn. Apá ọ̀tún ni àwọn ìlà òjìji tirẹ̀ máa ń dagun sí. Ìwọ̀nyí dagun sí apá òsì, láti òkè dé ilẹ̀, bíi ti ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì yàwòrán. Ó wo ẹ̀rọ. Ọwọ́ òsì ni Gbádébọ̀ fi ń yí i.

Ẹ̀rọ náà dákẹ́.

"Alàgbà ní bí n kò bá yà á, àwọn á dá ìwé náà dúró pátápátá," ni Gbádébọ̀ wí.

"Wọ́n sì fi orúkọ ìwọ nìkan sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àtọ́kẹ́ ní kíláàsì mi fi ṣọ́ọ̀kì ya Ìṣàn sára tábìlì rẹ̀, ó ní òun ni. Kí ni kí n sọ fún un lọ́la?"

"Bọ́ọ̀sì tí yóò kó ìwé lọ sí Òkukù yóò gbéra ní aago mẹ́rin," ni Alàgbà wí, ojú rẹ̀ ti le. "N kò ní àyè ìjà níbí."

"N kò bá yín jà, sà. Ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀rọ."

Ó mú bébà onída tuntun kan lórí tábìlì, irú èyí tí wọ́n ń yàwòrán sí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ́ ẹ síwájú Gbádébọ̀, ó sì gbé kálámù onírin lé e.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ ló mú un kúnlẹ̀. Jókòó, Gbádébọ̀, kí o fi ọwọ́ kan náà gbé e dìde."